A Kì Í Fi Ọwọ́ Òsì Júwe Ilé Baba Ẹni

Ní ìpàdé mọ̀lẹ́bí tí a ṣe kẹ́yìn ní Ayétòrò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa àgbà kọ́. Alájà kan péré ni ilé náà, ṣùgbọ́n kò sí ilé tó jọ ọ́ ní àdúgbò wa. Orí àwọn fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Òdòdó tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká. Òpó méjì dúró níwájú, ara wọn rí bí okùn tí a lọ́. Lókè ìlẹ̀kùn, bíríkìlà tó kọ́ ọ kọ 1936 síbẹ̀ gàdàgbà. Òótọ́ ni pé páànù òrùlé ti dógùn-ún, pákó àjà sì ti ń jẹrà níbi mẹ́ta. Ọmọ àbúrò mi kan, tí ó kàwé, tí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ni ó dìde tí ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ kí a wó o, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ síbẹ̀. Ilé Àgùdà ni. Àwọn tí òyìnbó kó lẹ́rú ni wọ́n mú un bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Kì í ṣe àṣà tiwa." Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí pé òótọ́ ni. Ni àbúrò mi bá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà Yorùbá ní yunifásítì, ṣé irọ́ ni ọmọ yìí pa?"

Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, n kò rí èsì kan fọ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé mo gbà pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ohun tí ó dí mi lẹ́nu ni pé mo mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ wa ni. Ó lé ní ọdún 25 tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣà ilé kíkọ́ Yorùbá. Mo máa ń sọ̀rọ̀ nípa agbo ilé, nípa ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá, nípa kọ̀bì ààfin, nípa bí a ṣe ń po amọ̀ àti bí a ṣe ń fi ewé gbòdògì bo ilé. Bí mo bá dé ibẹ̀, n ó ní ọ̀làjú dé, páànù àti sìmẹ́ǹtì dé, àṣà wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. N ó pa ìwé dé. Ohun tí àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni sọ náà nìyẹn. Ọmọ tí a kọ́ pé ibi tí sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ ni Yorùbá ti parí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ilé alásìmẹ́ǹtì bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ilé Yorùbá?

Èsì tí n kò lè fọ̀ ní ìpàdé yẹn ni mo fẹ́ fọ̀ níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò fara sin: ilé Àgùdà kì í ṣe ilé òyìnbó. Tiwa ni. Ẹni tí ó bá sì wó o nítorí àṣà, àṣà gan-an ni ó wó.

Kí a tó lè mọ ẹni tó ni ilé náà, ó yẹ kí a mọ ìlú tí irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Orí òkè ni ìlú náà wà, ní etí òkun Brazil. Salvador ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bahia ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Àwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1549, òun sì ni olú-ìlú Brazil títí di ọdún 1763. Ọ̀nà méjì ni ìlú náà pín sí. Ìlú ìsàlẹ̀ wà létí omi, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Ìlú òkè sì wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí gómìnà, bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn olówó ń gbé. Ọdún 1873 ni wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ ńlá tí ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kí ẹ̀rọ náà tó dé, èjìká ènìyàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ìlú náà fi ń gun òkè. Èjìká ta ni? Èjìká ẹrú ni.

Lórí òkè yẹn ni wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí ní irú ọnà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní baroque. Ọnà náà kò fẹ́ kí ògiri kankan wà lásán. Níbi tí ìlà ìbá ti lọ tààrà, yóò tẹ̀ ẹ́. Níbi tí òpó ìbá ti dán bọ̀rọ́, yóò lọ́ ọ, yóò fi ewé àti èso wé e. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tó wà níbẹ̀, igi gbígbẹ́ tí a fi wúrà bò ni ènìyàn ń rí níbikíbi tí ó bá kọjú sí. Àjọ UNESCO fi àárín ìlú òkè náà sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní ọdún 1985. Pelourinho ni wọ́n ń pe àdúgbò tó lókìkí jù níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà yóò gbọ́ pé òpó tí a ń so ènìyàn mọ́ láti nà án ní gbangba ni.

Ní Pelourinho yìí kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira, kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dá owó rẹ̀ jọ. Àwọn ará Àǹgólà ni wọ́n ṣáájú nínú ẹgbẹ́ náà, n kò sì ní gba iṣẹ́ ẹlòmíràn fún Yorùbá. Ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ kan, ni àwọn tiwa tó pọ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n bá ìlú náà lórí òkè. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n di bíríkìlà, wọ́n di káfíńtà, wọ́n di alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ tí a fi ipá mú wọn ṣe, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀.

Àwọn tiwa wo ni mo ń wí? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará ibodè gbọ̀ngbọ̀n. Nàgó ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá ní Bahia. Orúkọ náà kò ti Ọ̀yọ́ wá, kò sì ti Ifẹ̀ wá. Ànàgó ni, orúkọ àwọn ènìyàn wa ní ìhà Ìpókíá, tí àwọn Fọ̀n fi ń pe gbogbo Yorùbá, tí àwọn oníṣòwò ẹrú sì gbé sọdá òkun. Kétu ni orúkọ tí àwọn ilé òrìṣà tó lókìkí jù ní Bahia fi ń júwe orírun wọn, títí di òní olónìí. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, ni ìjọba Brazil gbà gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè ní ọdún 1984. Wọ́n ń bọ òrìṣà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ewá. Odò Yewa tiwa ni, odò tí a fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò Ẹ̀gbádò ní ọdún 1995. Àwa ń sọdá odò náà lójoojúmọ́ láìbojú wò ó. Àwọn ń kúnlẹ̀ fún un ní ìlú tí omi rẹ̀ kò dé.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1848, ogun Dahomey kó Òkè-Ọ̀dàn. Ọmọdébìnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Ní ọdún 1850, Gezo, ọba Dahomey, fi ọmọ náà ta ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, Frederick Forbes. Ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria, Sarah Forbes Bonetta sì ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Nítorí pé ó dé ààfin ni a fi mọ̀ ọ́n, tí àwòrán rẹ̀ sì wà di òní. Àwọn tí wọ́n jọ kó lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Ọdún 1850 náà ni Brazil tó ṣe òfin tó fi òpin sí kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ó ti gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 4 ènìyàn láti Áfíríkà. Ìsàgà bọ́ sọ́wọ́ ogun Dahomey kan náà ní ọdún 1862. Kétu fúnra rẹ̀ fọ́ ní ọdún 1886. Ní ọdún 1889, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti òyìnbó Faransé fa ìlà sáàárín wa, Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí apá kejì. Ẹni tí ó bá dúró ní Ayétòrò tí ó sọ pé Bahia kò kan òun, kò mọ ìtàn àgbàlá ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó kú sí ẹ̀yìn odi. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní òru ní Salvador láti gba ara wọn. Ogun náà kò yọrí sí rere. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ra ara wọn padà rí i pé òmìnira lórí ilẹ̀ yẹn kò lè balẹ̀. Láti ìgbà náà lọ ni ọkọ̀ tó ń padà wá sí ìhà ìhín ti ń kún sí i. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n gúnlẹ̀ sí ìhà Àjàṣẹ́. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà, àdúgbò wọn ní Èkó sì ni Pópó Àgùdà.

Kí ni wọ́n mú bọ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí a ṣí ní ọjọ́ 4, oṣù keje, ọdún 1894. Ọ̀kan nínú ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sierra Leone, Mohammed Shitta Bey, ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ni ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó darí iṣẹ́ náà. Ẹ sọdá ibodè ní Ìdírókò, kí ẹ dé Àjàṣẹ́. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1912. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ láìgbọ́ ìpè àdúrà yóò búra pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì àti òdòdó ara ògiri rẹ̀. Bí ọnà yìí bá jẹ́ ti òyìnbó, tàbí ti ìjọ Pàdé, kí ni ó gbé e dé orí mọ́ṣáláṣí? Ohun tí ó gbé e débẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà kò kà á sí ti ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò ṣe tiwọn.

Láti Èkó àti Àjàṣẹ́ ni àwọn ọmọọṣẹ́ ti gbé iṣẹ́ náà wọ Abẹ́òkúta, wọ Ìjẹ̀bú-Òde, wọ Ìbàdàn, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi sọ fún mi pé ọmọ Ìlaró ni bíríkìlà tó kọ́ ilé wa, àti pé Èkó ni ó ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá tí òun náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àgùdà. Ọkùnrin náà kò gbọ́ Potogí, kò sì mọ ọ̀nà Brazil. Lẹ́yìn ìpàdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé àga síta, mo sì wo ẹnu ọ̀nà ilé náà fún ìgbà pípẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé òdòdó ni ó wà níbẹ̀. Òdòdó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín òdòdó náà, lápá ọ̀tún, ẹyẹ kan wà, ejò sì ká mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà, ó fẹ́ gbé e mì. Ojú tì mí. Èmi tí mo dàgbà ní Ayétòrò mọ ibi tí mo ti rí irú ẹyẹ àti ejò bẹ́ẹ̀. Orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn àgbà ní ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ìran àwa ará Yewa àti Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ayé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ láàárín àwọn iṣẹ́ àkànṣe ogún ìran ènìyàn. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà kò fẹ́ kí ibì kan wà lásán. Ojú ènìyàn a wà nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, orí rẹ̀ a kún fún ejò, ẹyẹ, ọkùnrin tó ń gún yán, obìnrin tó ń tajà. N kò sọ pé àwọn agbẹ́gilére Kétu ni wọ́n kọ́ àwọn Potogí ní ọnà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ọnà orí òkè Bahia padà dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá ojú tó ti mọ irú rẹ̀ nílé. Bíríkìlà Ìlaró yẹn kò ṣe àdàkọ ohun àjèjì. Ó gba èdè kan, ó sì fi sọ ọ̀rọ̀ ilé baba rẹ̀. Orúkọ wo ni a ó pe ìyẹn bí kì í bá ṣe àṣà?

Mo mọ àwọn àwíjàre tí a ó gbé kò mí lójú. Mẹ́ta ni wọ́n, n ó sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni pé òkèèrè ni ó ti wá. Ó dára. Òkèèrè ni àgbàdo ti wá, Amẹ́ríkà ni. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Ta ni nínú àwọn tó ń pariwo àṣà ni yóò ta ẹ̀bà nù níwájú rẹ̀, tí yóò sì ní ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá? Òwú tí a fi okùn òyìnbó hun ni a ń fi ṣe aṣọ òkè ìgbéyàwó, a sì ń jó nínú rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti wá kọ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá tiwa ni. Ohun tí a fi í ṣe lẹ́yìn tí ó dé ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Àṣà tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, kò sí lábẹ́ ọ̀run. Inú ìwé àwa olùkọ́ nìkan ni ó wà.

Èkejì ni a kì í sábà sọ sókè, ṣùgbọ́n òun ni ó wà nísàlẹ̀ ikùn. Ilé ẹrú ni, wọ́n ní, ìtìjú ni. Mo gbà pé ìtìjú wà nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ìtìjú? Ẹni tí wọ́n kó ní òru ni, tàbí ẹni tó ta á? Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó wọ inú igbó wa lọ mú ènìyàn. Ọba wa ta ènìyàn, jagunjagun wa ta ènìyàn, aládùúgbò ta aládùúgbò. Ẹni tí a tà, tí ó fi èjìká gbé òkúta gun òkè àwọn ẹlòmíràn, tí ó tọ́jú kọ́bọ̀ títí ó fi ra ara rẹ̀ padà, tí ó gun òkun lẹ́ẹ̀kejì, tí ó sì dé tòun ti iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ni ó ṣe tó fi yẹ kí a tijú rẹ̀? Ilé rẹ̀ kì í ṣe ilé ẹrú. Ilé ẹni tó jà bọ́ ni. Bí ẹnì kan yóò bá tijú, kí àwa tí a jókòó sílé tijú, kí a má sì gbé ìtìjú wa ka orí ògiri ẹlẹ́ni. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, àwọn Àgùdà sì wà lára àwọn baba wa.

Ẹ̀kẹta ni owó, òun sì ni àwíjàre tí n kò lè fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú. Ilé ń jò. Pákó gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í bo òrùlé. Èmi kò sì ní purọ́ pé ìjọba yóò gbà wá. Ní ọdún 1855 ni a kọ́ ilé Àgùdà kan ní Èkó, tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, katapílà wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ìwé ìjọba fi wà lórí ilé náà, ìwé náà kò sì dá katapílà dúró fún ọjọ́ kan.

Ìlú orí òkè náà fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ń tún Pelourinho kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tálákà tó ń gbé inú àwọn ilé náà, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n kó jáde. Wọ́n kun ògiri fún àlejò, wọ́n lé onílé. Ní oṣù kejì ọdún 2025 sì ni apá kan àjà ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà yẹn, já lulẹ̀ tó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá wòran. Nítorí náà, n kò ní kí a sọ ilé bàbá wa àgbà di ibi ìwòran. Wúrà kò gba ilé là, orúkọ ńlá kò sì gbà á là. Ohun tí ń gba ilé là ni pé kí ènìyàn máa gbé inú rẹ̀, kí ó máa jẹun lára rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tó jẹ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ jíjẹun yìí dé ni èmi àti ọmọ àbúrò mi ti lè bá ara wa sọ̀rọ̀. Nítorí irú ilé yìí kò kórìíra ọjà. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ní Bahia àti ní Èkó, ìsàlẹ̀ ni ọjà, òkè ni ibùgbé. Bàbá wa àgbà náà, yàrá iwájú nísàlẹ̀ ni ó ti ń wọn kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹni tó sọ pé kí a yan ilé tàbí kí a yan ṣọ́ọ̀bù kò wo ilé náà dáadáa.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí kíkankíkan, kì í sì ṣe nítorí ilé kan ṣoṣo. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìdílé ìyá mi ní Ìlaró wó irú ilé kan náà. Wọ́n mú ìwé wá bá mi kí n fọwọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i lórí tábìlì tí mo ti ń mákì ìwé ìdánwò àṣà Yorùbá. N kò lọ wo ilé náà kí wọ́n tó wó o. N kò ya àwòrán rẹ̀. N kò béèrè orúkọ bíríkìlà tó kọ́ ọ. N kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni lónìí bóyá ẹyẹ wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tàbí kò sí. Ọ̀mọ̀wé ni mí, mo gba oyè tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ àṣà, mo sì fi kálàmù kan náà pa ẹ̀rí àṣà rẹ́. Nígbà tí mo bá ń bá àwọn ẹlòmíràn wí, kí ẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ nà.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Ohun tí mo ń fẹ́ kò tóbi. Kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi dẹ́kun pípa ìwé dé níbi tí ewé gbòdògì parí sí. Kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kì í ṣe lọ sí ibi ìkówèésí nìkan, ṣùgbọ́n lọ sí àdúgbò wọn, kí oníkálukú mú ilé kan, kí ó wọn ọ́n, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ àti ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́. Lọ́wọ́ àwọn ìdílé, ohun tí mo ń tọrọ kò ju pé kí ẹ gbé àga síta kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wíwó ilé, kí ẹ sì wo ẹnu ọ̀nà náà dáadáa. Bí ẹ bá wò ó tán, tí ẹ sì tún fẹ́ wó o, ó kéré tán, ẹ mọ ohun tí ẹ wó.

Wọ́n dá ọjọ́ fún mi ní ìdílé wa. Wọ́n ní kí n wá ohun tí mo bá fẹ́ ṣe kí ọdún Iléyá tó pé. Mo ti fi owó ara mi pààrọ̀ páànù apá kan òrùlé náà, níbi tí ó ti ń jò jù. Ọmọ àbúrò mi, nítorí pé ọmọ gidi ni, gbé tépù wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ó sì wọn ìsàlẹ̀ ilé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní bí a kò bá wó nǹkan kan, tí a sì ṣí àwọn ìlẹ̀kùn tí a ti mọ pa, ṣọ́ọ̀bù márùn-ún yóò wọ ibẹ̀. Mo ní kí ó wá wo ẹyẹ náà. Ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó tún un wò.

Márùn-ún kì í ṣe mẹ́jọ, mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni ó wà láàárín wọn. Iye tí ọ̀rọ̀ wa kù sí nìyẹn: ní apá kan, owó ilé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ní apá kejì, iṣẹ́ ọwọ́ tó ti ibodè wa lọ gun òkè ẹni ẹlẹ́ni, tó sọdá òkun lẹ́ẹ̀mejì, tó sì padà wá jókòó lókè ìlẹ̀kùn wa ní ọdún 1936. Ìpàdé yóò tún pé ní Iléyá. N kò mọ ohun tí wọn yóò yàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún kọjú sí mi pé ṣé àṣà wa ni tàbí kì í ṣe àṣà wa, n kò ní dákẹ́ mọ́.